Odidi Adìẹ Lórí Iná Èédú: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Ará Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Ta ni kò mọ asun ní ìpínlẹ̀ wa? Iná ńlá lábẹ́, ẹran ewúrẹ́ lókè, kí a gé e wẹ́wẹ́, kí a da ata rodo lé e lórí. Odidi adìẹ kò gba irú iná bẹ́ẹ̀. Àyà rẹ̀ nípọn, apá rẹ̀ tín-ín-rín, awọ rẹ̀ kún fún ọ̀rá, kò sì sí ẹni tó máa gé e kó tó jinná. Ibi tí èédú wà ni ọ̀pọ̀ ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ń padà sí: ẹ̀gbẹ́ ló yẹ kó wà, kì í ṣe abẹ́.

Irú adìẹ wo ni kí n rà?

Bùróílà ni. Ẹ mú èyí tó ti tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, tí yóò wọn kìlò 1.5 sí 2 lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tu ìyẹ́ rẹ̀ tí wọ́n sì kó ìfun rẹ̀ kúrò. Tó bá ju kìlò 2.5 lọ, itan àti àyà kì í jinná lásìkò kan náà mọ́. Àyà á ti gbẹ kí itan tó jinná.

Ẹni tó bá lọ sí Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ tàbí Odòjọmu ní Oǹdó lè rí àgbàlagbà adìẹ tí wọ́n ti jẹ ẹyin rẹ̀ tán ní oko, tó tóbi tó sì lẹ́wà lójú. Ẹ má jẹ́ kí ìtóbi rẹ̀ tàn yín. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ìparí eegun àyà rẹ̀, níbi tó ti sún mọ́ ikùn. Tó bá ń tẹ̀, ọmọdé ni. Tó bá le gbagidi, àgbà ni, ọbẹ̀ ló yẹ ẹ́. Àkùkọ kékeré náà ṣeé sun, àmọ́ ẹran rẹ̀ kò pọ̀ tó ti bùróílà, ọ̀rá rẹ̀ sì kéré, nítorí náà ó ń yára gbẹ.

Adìẹ ìbílẹ̀ ńkọ́? Ṣebí òun ló dùn jù?

Ó dùn lóòótọ́. Àmọ́ ó ti sáré káàkiri ilé tó bẹ́ẹ̀ tí iṣan rẹ̀ fi le, iná gbígbẹ nìkan kò lè rọ̀ ọ́. Ẹ kọ́kọ́ sè é pẹ̀lú omi díẹ̀ lórí iná kékeré fún ìṣẹ́jú 30 sí 40, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ tó gbé e sórí èédú fún ìṣẹ́jú 20. Ẹ má da omi tí ẹ fi sè é nù. Omi ọbẹ̀ ni.

Àwọn ẹ̀gbọ́n ní kí n kọ́kọ́ se bùróílà náà. Ṣé dandan ni?

Kì í ṣe dandan, kò tilẹ̀ dára. Àdúrú adùn tó yẹ kó wà nínú ẹran ló máa wọ inú omi yẹn, ọ̀rá abẹ́ awọ náà á sì ti yọ́ lọ kó tó rí iná. Ohun tó ń jẹ́ kí àwọn èèyàn máa sè é ni pé iná wọn máa ń wà lábẹ́ ẹran gan-an, ẹ̀yìn á dúdú nígbà tí inú ṣì tútù. Tí ẹ bá yí iná yín padà, ẹ ò ní nílò ìkòkò.

Àwọn tó ń bá wa tu ìyẹ́ lọ́jà máa ń ya awọ rẹ̀. Kí ló fà á?

Omi tó ń hó ni wọ́n ń rì í sí. Omi bẹ́ẹ̀ máa ń se awọ, á sì máa ya bí wọ́n ṣe ń fa ìyẹ́. Fún ọbẹ̀, kò burú. Fún iná èédú, awọ ni ààbò ẹran àyà, ibi tó bá ti ya ni á kọ́kọ́ gbẹ. Ẹ ní kí wọ́n po omi híhó àti omi tútù ní ìdọ́gba. Yóò wà ní nǹkan bí 60°C. Kí wọ́n ri adìẹ sínú rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan, kí wọ́n máa rú u kí omi lè dé gbòǹgbò ìyẹ́. Tí ìyẹ́ ìrù bá ti ń jáde láìsí wàhálà, ó tó.

Ẹ sọ fún wọn pẹ̀lú pé kí wọ́n má là á sí méjì. Ihò kékeré ní ìdí ni kí wọ́n ti kó ìfun jáde, kí wọ́n sì ṣọ́ra fún òróòro tó wà lára ẹ̀dọ̀. Tí òróòro bá bẹ́, ẹ fi omi ṣan ibẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ gé ẹran tó bá ti di àwọ̀ ewé dànù. Kò sí ata tó lè bo kíkorò yẹn.

Ṣé mo lè pa á kí n sì sun ún lójú ẹsẹ̀?

Rárá o. Ẹran adìẹ máa ń gan lẹ́yìn tí wọ́n bá pa á tán, tó bá sì dé orí iná nígbà náà, á le lẹ́nu. Ẹ fi í sí fíríìjì tàbí inú kúlà tí yìnyín wà fún wákàtí 4 ó kéré tán. Tí iná mànàmáná kò bá dúró, yìnyín inú kúlà ni kí ẹ gbára lé, kí ẹ máa tú omi rẹ̀ jáde kí ẹran má baà lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀.

Adìẹ dídì ńkọ́?

Kí yìnyín inú rẹ̀ yọ́ tán pátápátá kó tó rí iná. Fíríìjì á gba bí wákàtí 24 fún adìẹ kìlò 1.8. Tí kò bá sí àyè, ẹ dì í sínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀, kí ẹ rì í sínú omi tútù, kí ẹ máa pààrọ̀ omi náà ní ìṣẹ́jú 30-30. Wákàtí 2 sí 3 á tó. Ẹ má gbé e sí orí tábìlì láti àárọ̀ di ọ̀sán nínú ooru tiwa yìí. Ẹ ti ìka bọ inú ihò rẹ̀: tí yìnyín bá ṣì wà lára eegun ẹ̀yìn, kò tíì yá.

Àwọn adìẹ dídì tí wọ́n ń gbé gba ẹnubodè wọlé wà lára ohun tí àwọn aṣọ́bodè kò fàyè gbà. A ò lè mọ iye ìgbà tí irú rẹ̀ ti yọ́ tó sì tún dì lójú ọ̀nà. Ẹ ra èyí tí wọ́n pa nílé wa níbí.

Ṣé kí n fi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́?

Ọsàn wẹ́wẹ́ kì í pa kòkòrò àìfojúrí tó wà lára adìẹ. Iná ló ń pa á. Èyí tó ṣe pàtàkì ni ẹ̀jẹ̀, àwọn ìyẹ́ kéékèèké àti fùkù tó máa ń há sí àárín eegun ìhà. Ẹ ṣe é nínú abọ́ omi kan, ẹ má gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ omi tó ń dà, nítorí omi tó bá ta láti ara rẹ̀ á kó kòkòrò lọ sára tòmátì àti ṣíbí tó wà nítòsí. Lẹ́yìn náà kí ẹ fi ọṣẹ fọ abọ́, ọ̀bẹ àti ọwọ́.

Ẹ wá nù ún gbẹ, nínú àti lóde. Awọ tútù kì í le kó rún lẹ́nu. Á kàn máa fà bí rọ́bà ni.

Iyọ̀ mélòó, ìgbà wo sì ni?

Gíráàmù 10 fún kìlò kan. Adìẹ kìlò 1.8 á gba gíráàmù 18, ìyẹn ṣíbí kékeré 3 tí a fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́ta pa inú rẹ̀, kí ẹ fi èyí tó kù pa ara, pàápàá itan. Ẹ ti ìka bọ abẹ́ awọ àyà díẹ̀díẹ̀, kí ó ṣí láì ya, kí ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ síbẹ̀ náà.

Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ló dára jù, kí ẹ fi í sínú fíríìjì láìbò. Tí kò bá sí alẹ́, ẹ fún un ní wákàtí 2. Tí ẹ bá máa lo mágí 2, ẹ dín iyọ̀ náà kù sí ṣíbí 2 àti díẹ̀, nítorí iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú mágí.

Èròjà ńkọ́?

Fún adìẹ kan: ata ilẹ̀ tó tó ìka ọwọ́ kan, àáyù ẹyọ 4, àlùbọ́sà kékeré 1, táìmù ṣíbí kékeré 1, kọ́rì ìdajì ṣíbí, òróró ṣíbí ìjẹun 2. Ẹ gún ata ilẹ̀, àáyù àti àlùbọ́sà, kí ẹ fún omi wọn dànù, kí ẹ po wọ́n mọ́ òróró. Abẹ́ awọ ni kí èyí tó pọ̀ jù lọ sí. Tó bá wà lórí awọ, àáyù á jóná láàárín ìṣẹ́jú 15, á sì korò. Ẹ lè fi èfìnrín ẹ̀kúnwọ́ kan sínú ihò rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ràn yájì, kó dúró di ìparí. Ẹ̀pà tó wà nínú yájì máa ń jó kíá. Oyin àti ṣúgà náà ń kọ́? Ìṣẹ́jú 5 tó gbẹ̀yìn nìkan.

Ṣé epo pupa ṣeé fi pa á?

Ó ṣeé ṣe, ó sì ń fún un ní àwọ̀ tó wuni. Ẹ kàn fi ra ara rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Èyí tó bá ń kán sínú iná á kàn máa gbé ọwọ́ iná dìde.

Ṣé kí n fi í sílẹ̀ ní odidi gbọn-ọn, àbí kí n tẹ́ ẹ?

Ẹ tẹ́ ẹ. Odidi náà ló ṣì jẹ́, kò sí ohun tó kúrò lára rẹ̀ àfi eegun ẹ̀yìn, àmọ́ ìṣẹ́jú 60 ló máa gbà dípò 90, itan àti àyà á sì jinná pọ̀.

Bí a ṣe ń ṣe é: ẹ da àyà rẹ̀ délẹ̀. Ẹ fi àlùmọ́gàjí tó nípọn gé ẹ̀gbẹ́ kan eegun ẹ̀yìn láti ìdí dé ọrùn, kí ẹ gé ẹ̀gbẹ́ kejì, kí ẹ yọ eegun náà. Ọ̀bẹ ńlá náà ṣe é, ẹ kàn má jẹ́ kó wọlé jìn. Ẹ yí adìẹ padà kí àyà kọjú sókè, kí ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé àárín àyà, kí ẹ fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́ títí ẹ ó fi gbọ́ "kà". Ẹ̀yin tí ọwọ́ yín kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára, ẹ kọ́kọ́ fi ẹnu ọ̀bẹ gé eegun àyà díẹ̀ láti inú. Ẹ ká ṣóńṣó apá sẹ́yìn èjìká kó má baà jóná. Ẹ gé itan lójú méjì, kó jìn dé eegun, níbi tí itan ti so mọ́ ẹsẹ̀. Ibẹ̀ ló ń pẹ́ jù kó tó jinná.

Èédú wo, mélòó?

Èédú igi líle, bí àyín, máa ń pẹ́, kì í sì í ta pàràpàrà. Èédú tó dára máa ń dún bí irin tí ẹ bá kan ọ̀kan mọ́ èkejì. Èyí tó fúyẹ́ tó sì ń fọ́ lọ́wọ́ á ti di eérú kí itan tó jinná. Kìlò 2 sí 2.5 á tó adìẹ kan, kí ẹ fi bíi ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ pamọ́ fún àfikún.

Ògùṣọ̀ tàbí ṣùkù àgbàdo gbígbẹ ni kí ẹ fi dá a. Ẹ má fi kẹrosíìnì, ọ̀rá tàbí rọ́bà dá a: òórùn wọn ń wọ awọ adìẹ, kì í sì í jáde. Ẹ dúró títí èédú á fi pọ́n, tí eérú funfun á sì bò ó fẹ́lẹ́, nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 sí 25. Ẹni tó bá kánjú gbé ẹran lé èédú tó ṣì ń rú èéfín dúdú á jẹ èéfín.

Báwo gan-an ni kí n ṣe to iná?

Ẹ wọ́ ẹyin iná sí apá méjì. Ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, èyí tó kù lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kí àárín ṣófo. Ẹ gbé abọ́ irin tí omi díẹ̀ wà nínú rẹ̀ sí àárín náà. Ibẹ̀ ni ọ̀rá á máa kán sí. Adìẹ á dùbúlẹ̀ lókè abọ́ yẹn, awọ sókè, ẹsẹ̀ sí ìhà tí iná pọ̀ sí, àyà sí ìhà kejì.

Dandan ni ìdérí. Láìsí ìdérí, ooru ẹ̀gbẹ́ kan ń lọ sójú ọ̀run ni. Tí gíríìlì yín kò bá ní ìdérí, abọ́ irin ńlá tàbí ìkòkò ńlá tí ẹ dojú rẹ̀ dé lè ṣe é, kó sáà ga ju adìẹ lọ, kí ẹ sì fi òkúta kékeré gbé ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé.

Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ sókè wáyà ní bí ìwọ̀n ìbú ọwọ́ kan ààbọ̀, lókè àárín tó ṣófo. Tí ẹ bá lè fara dà á fún ìṣẹ́jú-àáyá 5 sí 6, ó ṣe déédéé. Tí ẹ bá fà á kúrò ní 2, ó ti gbóná jù: ẹ dín ihò afẹ́fẹ́ kù. Tó bá kọjá 10, ẹ fi èédú kún un. Lórí ohun tí a fi ń wọn ooru, 180 sí 200°C ni ẹ ń wá nínú ìdérí.

Kí ni kí n máa ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin?

Fún adìẹ kìlò 1.8 tí a ti tẹ́: ẹ gbé e sílẹ̀, ẹ dé e, kí ẹ kúrò nídìí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 25. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí ìdérí láti yọjú ni ooru ń jáde, àsìkò á sì máa gùn sí i. Ní ìṣẹ́jú 25 yẹn, ẹ fi èédú tó ti pọ́n kún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì (èédú tútù máa ń rú èéfín), kí ẹ wo bóyá apá kan ti ń dúdú ju èkejì lọ. Ẹ dé e padà. Ní ìṣẹ́jú 45, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wọn itan.

Nígbà tó bá kù díẹ̀ kó jinná, ẹ fi ẹ̀mú gbé e, kí ẹ da awọ rẹ̀ dé orí ẹyin iná gangan fún ìṣẹ́jú 2 sí 4. Ẹ má lọ sí ibì kankan lásìkò yìí, ẹ má dá ẹnikẹ́ni lóhùn lórí fóònù. Lẹ́yìn náà ẹ dá a padà sí àárín, kí ẹ fi ata kùn ún ní ẹ̀ẹ̀mejì, kí ìṣẹ́jú 5 wà láàárín.

Ata náà: tàtàṣé 2, rodo 3, àlùbọ́sà 1. Ẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ dín in nínú òróró ṣíbí ìjẹun 4 títí omi rẹ̀ á fi gbẹ tán. Ata tútù tí a kò dín á sọ awọ tó ti gbẹ di jẹ̀pẹ̀jẹ̀pẹ̀ padà. Èròjà tí adìẹ tútù ti bọ́ sínú rẹ̀ kò ṣeé fi kùn ún lásìkò yìí, àfi tí ẹ bá kọ́kọ́ sè é kó hó dáadáa.

Tó bá kúrò lórí iná, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15 kí ẹ tó gé e. Ẹ má fi fọ́ìlì wé e pinpin, òógùn á ba awọ rẹ̀ jẹ́.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ti jinná? Mo gé e, mo rí pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun.

Ohun ìwọn ìgbóná ló dájú jù. Ẹ gún un sí ibi tó nípọn jù, kó má kan eegun: 74°C ní àyà ti tó, itan máa ń rọ̀ dáadáa jù ní 80 sí 85°C. Tí ẹ kò bá ní in, ẹ di ẹsẹ̀ mú kí ẹ yí i; oríkèé rẹ̀ á tú láìjà. Ẹ gé oríkèé itan wò: ẹran tó ṣì ń dán bí jíígí, tó sì rọ̀ mọ́ eegun, kò tíì jinná.

Pupa ẹ̀gbẹ́ eegun nìkan kì í ṣe ẹ̀rí. Eegun bùróílà ṣì kéré lọ́jọ́ orí, àwọ̀ inú mùdùnmúdùn rẹ̀ máa ń jáde sára ẹran tó tilẹ̀ ti jinná. Bẹ́ẹ̀ náà ni omi tó mọ́ gaara tó ń jáde lára ẹran kì í ṣe ẹ̀rí tó dájú pé ó ti jinná.

Ó lẹ̀ mọ́ wáyà.

Wáyà náà tútù tàbí ó dọ̀tí. Ẹ jẹ́ kó gbóná fún ìṣẹ́jú 10, ẹ fi ìdajì àlùbọ́sà tí ẹ ti bọ òróró ha á. Tí awọ bá ṣì di wáyà mú, ẹ má fà á. Ó kù díẹ̀ kó gbẹ, á sì tú fúnra rẹ̀.

Ọwọ́ iná ń gbé dìde lójijì.

Ọ̀rá ló kán sí èédú. Ẹ gbé adìẹ sí àárín, kí ẹ dé e. Ẹ má da omi sí i: eérú á fò sára ẹran, ooru omi gbígbóná á sì lè jó yín lọ́wọ́.

Ṣé kí n gbé e jókòó sórí agolo bíà bí mo ṣe rí i lórí fóònù?

Ẹ mu bíà yín. Ohun tó wà nínú agolo kì í fi bẹ́ẹ̀ gbóná débi tó fi máa wọ ẹran, agolo náà á sì dí ooru tó yẹ kó wọ inú adìẹ. Ọ̀dà ara agolo kò sì yẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ.

Mo fẹ́ kí wẹ́dà ṣe gíríìlì fún mi láti ara dúrọ́ọ̀mù.

Ẹ béèrè ohun tó wà nínú dúrọ́ọ̀mù náà tẹ́lẹ̀. Èyí tó gbé oúnjẹ tàbí òróró jíjẹ ni kí ẹ mú. Tó bá jẹ́ oògùn oko tàbí kẹ́míkà ló gbé, ẹ fi sílẹ̀, kò sí bí ẹ ṣe lè fọ̀ ọ́. Kí ẹ tó sun oúnjẹ kankan níbẹ̀, ẹ dá iná ńlá sínú rẹ̀ títí gbogbo ọ̀dà á fi jó tán. Ẹ ní kó la ihò sí ẹ̀gbẹ́ nísàlẹ̀, pẹ̀lú páálí irin kékeré tó ń ṣí tó ń pa, kí ẹ lè darí afẹ́fẹ́. Kó gbé wáyà sókè èédú ní bí sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20. Nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi síńkì ra, irú èyí tí a fi ń ṣe ọgbà adìẹ, kì í ṣe ohun tó yẹ kó wà lórí iná. Ọ̀pá irin lásán ni.

Òjò ńkọ́? Ọyẹ́ ńkọ́?

Nígbà òjò, èédú máa ń fa omi. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú ike tó ní ìdérí. Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ ń mú kí èédú yára jó: ẹ dín ihò afẹ́fẹ́ kù, kí ẹ kọ ẹ̀yìn gíríìlì sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá, kí ẹ sì jìnnà sí koríko gbígbẹ.

Bó ti wù kí òjò náà pọ̀ tó, ẹ má gbé gíríìlì wọ inú ilé, inú gáréèjì tàbí balùkóònì tí wọ́n ti pa. Afẹ́fẹ́ májèlé tó ń jáde lára èédú kò ní òórùn, ó sì ń pa èèyàn, àní nígbà tó bá dà bíi pé iná ti ń kú lọ.

Adìẹ 3 ni mo fẹ́ sun fún àlejò.

Ìdajì dúrọ́ọ̀mù lè gba 2 tí a tẹ́, 3 tí ẹ bá fún wọn pọ̀, àmọ́ wọn kò gbọ́dọ̀ gbé ara wọn gùn. Ẹ fi bí ìṣẹ́jú 15 kún àsìkò, kí ẹ máa pààrọ̀ àyè wọn ní ààbọ̀ wákàtí. Adìẹ kan á tó èèyàn 4 sí 5 pẹ̀lú dòdò tàbí ìrẹsì. Ẹ kọ́kọ́ sun wọ́n tán kí ẹ tó gún iyán, nítorí adìẹ lè dúró fún ìṣẹ́jú 15, iyán kì í dúró.

Èyí tó ṣẹ́kù?

Kó wọ fíríìjì láàárín wákàtí 2. Tí oòrùn bá mú gan-an, wákàtí 1. Ẹ bọ́ ẹran kúrò lára eegun kó lè yára tutù. Ọjọ́ 3 sí 4 ni kó pẹ́ jù níbẹ̀, kí ẹ sì mú un gbóná jinná kí ẹ tó jẹ ẹ́. Tí wọ́n bá ti mú iná lọ láti alẹ́, tí fíríìjì sì ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ dà á nù. Eérú gíríìlì náà, ẹ jẹ́ kó sùn di ọjọ́ kejì kí ẹ tó dà á sínú àpò ìdọ̀tí.